Ṣé ká dé Trogir lọ́jọ́ tí a máa gba ọkọ̀, àbí ká tètè dé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́fà ti yá ọkọ̀ ìgbòkun fún ọ̀sẹ̀ kan ní Trogir, Kroatíà, ní ìparí oṣù Kẹfà. Ẹnì kan nínú wa ní ìwé àṣẹ ìtukọ̀. Ṣé Sátidé tí a máa gba ọkọ̀ gan-an ni ká dé? Kí ló sì sábà máa ń dàrú?

Ìdáhùn: Ẹ tètè dé. Tọ́sìdeè ló dáa jù. Bó pẹ́ tán, àárọ̀ Fúráìdeè. Láti Sátidé sí Sátidé ni wọ́n sábà ń yá ọkọ̀ níbẹ̀, nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń fà á léni lọ́wọ́, torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn àwọn tó lò ó kọjá ni. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù lọ́jọ́ yẹn á máa ra oúnjẹ, á máa fọwọ́ síwèé, á tún máa yẹ ọkọ̀ wò. Yíyẹ ọkọ̀ wò ló máa ń jìyà ẹ̀.

Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ti tó fún ìlú náà. Erékùṣù kékeré ni ìlú àtijọ́ ọ̀hún. Afárá so ó mọ́ ilẹ̀ lápá kan, ó so ó mọ́ erékùṣù Čiovo lápá kejì. UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 1997. Ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà kàtídírà Lawrence Mímọ́ tí Radovan gbẹ́ ní 1240, ní àárọ̀ kùtù kí èrò tó kún. Ẹ má lọ sùn sí ìlú Split: pápákọ̀ òfurufú tó ń jẹ́ orúkọ Split sún mọ́ Trogir ju Split fúnra rẹ̀ lọ.

Ní ti ìwé àṣẹ ìtukọ̀, ó gbọ́dọ̀ wà lára èyí tí ìjọba Kroatíà fọwọ́ sí, kí ìwé àṣẹ rédíò VHF, rédíò tí ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ nísinsìnyí. Bí wọn ò bá gbà á, ẹ máa háyà atukọ̀ tó máa gba ibùsùn kan, tí ẹ ó sì máa bọ́. Ẹ tún bi wọ́n bóyá káàdì ìrajà àwìn nìkan ni wọ́n ń gbà fún owó ìdógò.

Ìgbà tí wọ́n bá fa ọkọ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti họ. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ wò bóyá omi ń tú jáde pẹ̀lú èéfín. Bí kò bá tú, ẹ́ńjìnì á gbóná jù. Ẹ tú ìgbòkun méjèèjì pátá, ẹ ka ẹ̀wù ìdóòlà, kí ẹ sì mọ ibi tí fíúùsì ẹ̀rọ ìdákọ̀ró wà, torí ó máa ń já nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù.

Èbúté gan-an ló ń kó àgbà láyà jẹ. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n fi ń wọlé. Ẹ rọra fi rìfáàsì wọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ ju okùn ìdí tó wà lápá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, lẹ́yìn náà èkejì. Òṣìṣẹ́ èbúté á na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí yín. Ẹ máa fà á lọ síwájú ọkọ̀ títí okùn ńlá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ òkun á fi yọ, kí ẹ wá so ó le. Níwọ̀n ìgbà tí okùn náà bá ṣì wà nínú omi nítòsí ìdí ọkọ̀, níútírà ni kí jíà wà. Bó bá lọ́ mọ́ fáànù abẹ́ ọkọ̀, òmùwẹ̀ ni yóò tú u, ẹ̀yin lẹ ó sì sanwó. Níbi tí ẹ bá ti ju ìdákọ̀ró, ẹ tú ṣéènì ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi: omi mítà 6, ṣéènì mítà 30.

Ẹ má ṣí lọ lálẹ́ Sátidé. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ẹ gba Maslinica ní erékùṣù Šolta, bíi wákàtí méjì. Erékùṣù Vis jìnnà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tọ́ sí i. Ibùdó ológun ni tẹ́lẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí àlejò ilẹ̀ òkèèrè débẹ̀ títí di 1989. Maestral, atẹ́gùn ọ̀sán, ló dáa fún ìgbòkun. Atẹ́gùn Bura ń já wálẹ̀ láti orí òkè lójijì, ojú ọ̀run a sì mọ́ kedere, ìyẹn ló fi ń tan èèyàn jẹ. Atẹ́gùn Jugo ń fi ọjọ́ bíi mélòó kan gbé ìgbì dìde láti gúúsù ìlà-oòrùn. Èyíkéyìí nínú méjèèjì lè dá yín dúró, nítorí náà kí alẹ́ Tọ́sìdeè má bá yín níbi tó ju wákàtí mẹ́ta lọ sí Trogir.

Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè ni ẹ gbọ́dọ̀ padà, kí díísù sì kún. Ìlà ilé epo máa ń gùn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ débẹ̀ kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.