Òkúta Dúdú Kì Í Fa Oró Ejò: Ìdáhùn fún Àwọn Tó Fẹ́ Gun Òkè Kírìjì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Àwa ọ̀dọ́ mẹ́rìnlélógún láti Òṣogbo fẹ́ fi òpin ọ̀sẹ̀ kan rin àwọn òkè tó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ká lè fojú ara wa rí ibùdó ogun Kírìjì àtijọ́. A ó sun òru kan nínú igbó. Ẹnì kan ní ká ra òkúta dúdú tó ń fa oró ejò dání. Òmíràn ní ká gba gbẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta ní ká ra abẹ́rẹ́ ejò ní kẹ́míìsì, ká gbé e sínú báàgì. Èwo ni ká mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ìdáhùn: Ẹ má mú ìkankan. Mo mọ̀ pé ó le létí, àbúrò mi, ṣùgbọ́n irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi láti bí oṣù mélòó kan, òkúta dúdú ló sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ó ti ń dùn mí dénú.

Kí n tó dé orí òkúta, ejò kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù lórí òkè yẹn. Òùngbẹ ni, oòrùn ni, àpáta tó ń yọ̀ lẹ́yìn òjò ni. Oyin náà máa ń gbé inú pàlàpálá àpáta. Bí ẹ bá ru ú sókè, ẹ má dúró máa lù ú, ẹ fi aṣọ bo orí àti ojú, kí ẹ sá. Kí oníkálukú gbé omi tirẹ̀, ó kéré tán lítà mẹ́ta fún ọjọ́ kan. Ó tán níbẹ̀.

Ó wá ku ejò. Ẹ rántí irú ilẹ̀ tí ẹ ń lọ. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ó di 1886 kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ó tún di 1893 kí ó tó parí pátápátá. Àwọn Ìbàdàn dó sí ìhà Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ tí Ògèdèǹgbé jẹ́ balógun wọn dó sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, òkè àti àfonífojì wà láàárín wọn. Ilẹ̀ tí kò jẹ́ kí ọmọ ogun tètè kọjá kò ní jẹ́ kí ẹ tètè gbé ẹni tí ejò ṣán sọ̀kalẹ̀. Àkókò ni oògùn ejò àkọ́kọ́, òun gan-an sì ni òkúta dúdú máa ń gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Òkúta yẹn kì í ṣe òkúta. Egungun ẹran, pàápàá ti màlúù, ni wọ́n sábà máa ń jó títí tí yóò fi dú bí èédú. Ó ní ihò wẹ́wẹ́ lára, ìdí nìyẹn tó fi ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ tó tutù. Ó ń fa omi ara àti ẹ̀jẹ̀ mu bí kànìnkànìn. Bí ó bá mu yó, á já bọ́ fúnra rẹ̀. Èyí ni ojú ń rí, òun sì ni ẹni tó tà á fún yín fi ń sọ pé ó ti fa oró náà tán.

Oró kì í dúró lójú ọgbẹ́ dè é. Eyín paramọ́lẹ̀ tàbí ọká gùn, ó sì ní ihò nínú bí abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn, inú ẹran ara lọ́hùn-ún ló ti ń tú oró sí láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì gún yín lábẹ́rẹ́ ní ìdí, kí ẹ wá fi nǹkan lé ojú ibẹ̀ pé kí ó fa oògùn náà padà. Ṣé yóò ṣeé ṣe? Wọ́n ti dán òkúta yìí wò lára eku tí wọ́n fún ní oró ejò, kò gbà wọ́n.

“Ṣùgbọ́n Dókítà, ó gba ẹ̀gbọ́n mi là.” Gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀gbọ́n yìí, n kò sì sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọ̀pọ̀ ejò tó wà nínú igbó wa kò lóró tó lè pa èèyàn. Èyí tó lóró pàápàá, nígbà mìíràn á ṣán èèyàn láì tú oró kankan sí i lára. Ẹ jẹ́ ká fi abúlé kan ṣe àpẹẹrẹ, àpẹẹrẹ lásán ni o. Ejò ṣán èèyàn mẹ́wàá níbẹ̀, mẹ́fà nínú wọn kò gba oró, mẹ́rin gbà á. Òkúta ni wọ́n fi lé gbogbo wọn lára. Àwọn mẹ́fà yóò yè, bí ẹ tilẹ̀ fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé wọn lẹ́sẹ̀ wọn yóò yè, wọn yóò sì máa jẹ́rìí kiri. Bí àwọn mẹ́rin bá kú, kò sí ẹni tí yóò sọ pé òkúta ni kò ṣiṣẹ́. Wọn á ní ejò àfiránṣẹ́ ni. Òkúta gba ìyìn ẹni mẹ́fà, ayé gba ẹ̀bi ẹni mẹ́rin. Bí nǹkan bá ti rí báyìí, báwo ni òkúta yóò ṣe tàsé láéláé?

Nígbà tí mo wà ní ẹ̀ka pàjáwìrì, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan tó ń ràn bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ lóko wá bá wa lálẹ́. Ọjọ́ kejì tí ejò ṣán an nìyẹn. Òkúta wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi bándéèjì dè é mọ́ ọn. Wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ yí ojú ibẹ̀ ká, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde lójú gbẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò dá. Ó ń jáde ní èrìgì rẹ̀ pẹ̀lú. A fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú túùbù onígíláàsì tuntun, a gbé e sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láì fọwọ́ kàn án, àyẹ̀wò tí kò náni ní nǹkan kan. Nígbà tí mo dẹ túùbù náà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀ bí omi, kò dì rárá. Oró irú ejò bẹ́ẹ̀ ti ba ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì jẹ́. Ọmọ náà yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó fi ìka ẹsẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá gbé e wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbà gbọ́ pé gbogbo ìka rẹ̀ ni ìbá fi rìn lọ sílé.

Nítorí náà, abẹ́fẹ́lẹ́ kò gbọ́dọ̀ kan ẹni tí ejò ṣán. Gbẹ́rẹ́ tí ẹ fẹ́ sín sílẹ̀ kí ẹ tó lọ ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, n kò bá a jà, àmọ́ kí ó rí i pé abẹ́fẹ́lẹ́ tuntun ni, kí ó sì wọ bàtà tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ má fi okùn tàbí rọ́bà kẹ̀kẹ́ di ẹsẹ̀ náà pinpin. Ẹran ara tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ yóò kú, ẹni tí oró kò bá pa lè pàdánù ẹsẹ̀. Ẹ má fẹnu fa ojú ọgbẹ́, ẹ má fún un ní kẹrosín-ìn mu.

Ti abẹ́rẹ́ tí ẹ fẹ́ gbé sínú báàgì, ohun tí ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì máa tà fún yín ni ATS. Tẹ́tánọ́ọ̀sì ni ATS wà fún. Kò mọ ejò rárá. Oògùn oró ejò gan-an ni antivenom. Wọ́n máa ń fún ẹṣin tàbí àgùntàn ní oró ejò díẹ̀díẹ̀, kí ara ẹran náà lè kọ́ bí a ṣe ń bá oró jà, wọn á wá yọ ohun ìjà náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nítorí pé láti ara ẹran ló ti wá, ara èèyàn lè kọ̀ ọ́ lójijì, kí ọ̀nà ọ̀fun wú, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni a ti ń fún un, pẹ̀lú adrenaline, oògùn tí a fi ń gba ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ là, nítòsí. Èyí tó jẹ́ olómi tún nílò fíríìjì. Ìwọ̀n kan náà ni ọmọdé àti àgbà ń gbà, torí pé oró tí ejò tú kò wo ọjọ́ orí. Ṣé iṣẹ́ tí ẹ lè ṣe lábẹ́ igi nìyẹn? Abẹ́rẹ́ ìdí tí wọ́n máa ń sáré gún èèyàn náà léwu bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dì mọ́, ẹ̀jẹ̀ lè kún ojú ibẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àrùn tí ayé pa tì ní 2017. Wọ́n ní láàárín 81,000 sí 138,000 èèyàn ló ń kú nípa rẹ̀ lọ́dọọdún.

Bí ejò bá ṣán ẹnì kan nínú yín, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ má lé ejò náà. Orí ejò tó ti kú ṣì lè ṣán èèyàn. Bí ẹ bá lè yà á ní fọ́tò láti òkèèrè, ó dára. Ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún dùbúlẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka, aago àti bàtà kúrò ní apá ibẹ̀ kí ó tó wú. Ẹ fi igi méjì àti aṣọ ti ẹsẹ̀ náà kí ó má mira, bí a ti ń ṣe fún eegun tó kán, torí bí ẹran ara bá ṣe ń mira ló ń ti oró lọ sókè. Kí ó má fẹsẹ̀ rìn, ẹ gbé e. Bí ó bá ń bì, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Fún ìrora, parasitámọ́ọ̀lù nìkan. Ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, wọ́n ń dá kún ẹ̀jẹ̀ dídà. Níbi tí mọ́tò kò dé, ọ̀kadà dára púpọ̀: ẹ fi í sáàárín ẹni tó ń gùn ún àti ẹni tó máa dì í mú lẹ́yìn. Bí ejò bá tu oró sí ẹnì kan lójú, omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i, púpọ̀, kì í ṣe ewé, kí ẹ sì gbé òun náà wá. Ẹni tí ejò ṣán tí kò rí nǹkan kan lára gbọ́dọ̀ sùn sílé ìwòsàn di ọjọ́ kejì, nítorí oró míì máa ń pẹ́ kó tó farahàn.

Ẹ lo tọ́ọ̀ṣì lálẹ́, kódà bí ẹ bá fẹ́ tọ̀ lẹ́yìn àgọ́. Ẹ má sùn sórí ilẹ̀ lásán. Níbi àlàpà àti òkúta tó kó jọ, ẹ má ki ọwọ́ bọ ihò. Igi tó bá wó sójú ọ̀nà, ẹ gùn ún kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀. Paramọ́lẹ̀ kì í sá fún ẹsẹ̀ tó ń bọ̀, ó máa ń dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ni.

Ohun tí mo kọ yìí kò lè dípò dókítà tó fojú rí aláìsàn, òun ló máa pinnu bóyá antivenom yẹ tàbí kò yẹ. Antivenom wọ́n, kì í sì í sí nílẹ̀ níbi gbogbo nígbà gbogbo. Nítorí náà, ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́ kí ẹ tó lọ, kí ẹnì kan nínú yín pe ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIOSUN níbí ní Òṣogbo, kí ó tún pe Wesley Guild ní Iléṣà. Kí ó béèrè ohun kan ṣoṣo: “Ṣé antivenom wà nílẹ̀ lónìí?” Kí ó kọ èsì náà sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹ̀ka pàjáwìrì, kí ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀yin mẹ́rìnlélógún. Owó òkúta náà, ẹ fi ra bándéèjì àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì.