Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ń pè mí ṣáá torí gbèsè, ṣé mo lè blọ́ọ̀kì wọn?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù Àáfà wa. Mo yá owó kan, mi ò tíì rí i san tán. Ní báyìí oríṣiríṣi nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ló ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́, wọ́n á ní olówó ló ní káwọn wá bá òun gbà á. Tí mo bá blọ́ọ̀kì ọ̀kan òmíì á tún pè. Ọmọ mi ni mo máa ń gbé fóònù fún, kó ní mọ́mì ò sí nílé. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Wa àlékúmù sálámù, ìyá wa. Kí Ọlọ́hun bá yín san án. Ohun tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ti blọ́ọ̀kì, ọmọ yẹn ni, torí irọ́ ni, ẹ sì ti ń fi kọ́ ọ. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) máa ń tọrọ nínú ìrun pé kí Ọlọ́hun ṣọ́ òun lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti gbèsè, wọ́n wá bi í pé kí ló dé tó ń sá fún gbèsè tó báyìí, ó ní tí èèyàn bá ti jẹ gbèsè, tó bá sọ̀rọ̀ á parọ́, tó bá ṣàdéhùn á yẹ̀ ẹ́. Ó wà nínú ìwé hádíìsì (àkójọ ọ̀rọ̀ Ànábì) ti Bùhárí àti ti Muslim. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fóònù fọ́mọ mọ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé ohun tẹ́ ẹ ní kó sọ yẹn ò dáa.

Ní ti ìpè, kì í ṣe dandan kéèyàn gbé gbogbo ìpè tó bá wọlé. Ẹ pa ohùn fóònù tẹ́ ẹ bá fẹ́ kírun tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n blọ́ọ̀kì ò sọ pé gbèsè ti kúrò lọ́rùn yín o. Tẹ́ ẹ bá ní in lọ́wọ́ tẹ́ ẹ wá ń fi falẹ̀, Ànábì pe ìyẹn ní àbòsí. Tí ò bá sí lọ́wọ́, Ọlọ́hun ló sọ ọ́ nínú Súratul Baqarah, aayah 280, pé kí wọ́n lọ́ onígbèsè tó wà nínú ìnira lára títí ara á fi dẹ̀ ẹ́. Àmọ́ báwo lolówó ṣe fẹ́ mọ̀ pé ara ń ni yín tẹ́ ò bá sọ?

Torí náà ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ pe olówó, lórí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé àdéhùn yín, ẹ bi í bóyá òun ló rán àwọn wọ̀nyí, kẹ́ ẹ sọ iye tẹ́ ẹ lè máa san lóòótọ́, bó ti wù kó kéré tó, kẹ́ ẹ sì jọ kọ ọ́ sílẹ̀. Títí ẹ ó fi gbọ́ tẹnu ẹ̀, ẹ má sanwó kankan sí àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni bá kà fún yín lórí fóònù, ẹ má sì sọ pásíwọ́ọ̀dù yín, torí ẹni tó bá ní òun lẹ́tọ̀ọ́ lọ́wọ́ ẹni ló máa mú ẹ̀rí wá, àwọn gbájúẹ̀ náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn ní aṣojú olówó.

Tó bá jẹ́ olówó ló rán wọn lóòótọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ líle, ẹ mú un mọ́ra. Ẹnìkan sin gbèsè lọ́wọ́ Ànábì pẹ̀lú ìkanra, àwọn sàhábà, ìyẹn àwọn tó ń bá Ànábì rìn, fẹ́ bò ó, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ lọ́rọ̀ lẹ́nu. Èébú àti kí wọ́n máa pe ẹbí yín láti fi yín ṣẹ̀sín ò sí nínú ẹ̀tọ́ yẹn o, ẹ blọ́ọ̀kì ẹni tó bá ṣèyẹn, kẹ́ ẹ sì fẹjọ́ ẹ̀ sùn.

Tó bá jẹ́ pé èlé ni wọ́n ń bù lé owó náà, ẹ mú ìwé àdéhùn náà wá ká jọ wò ó. Ẹ sì tún jẹ́ kí àwọn tó ń pín sàká ní mọ́sálásí yín gbọ́ sí i, onígbèsè wà lára àwọn mẹ́jọ tí Ọlọ́hun ka sàká fún nínú Súratut Taobah, aayah 60, ẹ má jẹ́ kójú tì yín.