Ìlú mi há sí 27,000, ère ò jáde: kí ni mo máa ṣe nínú SimCity 2000?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ poly ni mí, láptọ́ọ̀pù mi ò lè gbé géèmù tuntun ló jẹ́ kí n máa gbá SimCity 2000, géèmù àtijọ́ tí èèyàn fi ń kọ́ ìlú. Nínú àwọn ẹ̀bùn tí géèmù máa ń fún èèyàn, ilé Mayor ti jáde, City Hall náà ti jáde, àmọ́ ère yẹn ò jáde rárá. Owó tó wà lápò mi ti lé ní 80,000, ọdún 1974 ni mo wà, ìlú yìí ò sì kúrò lójú 27,000 èèyàn láti bí ọdún mẹ́wàá géèmù. Ṣé owó ni ò tíì tó ni, àbí ibo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe, mo tún ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò lẹ́yìn ilé ìwé, géèmù yìí gan-an ni mo sì fi ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ronú kí wọ́n tó náwó, torí náà ohun tó o sọ yìí, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i.

Owó kọ́ rárá. Bí Maxis, ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù yìí, ṣe ṣe é látìgbà tó ti jáde ní 1993 nìyẹn, iye èèyàn ló ń kà, kò kàn án bóyá olówó ni ẹ́. Ilé Mayor ní 2,000, City Hall ní 10,000, ère ní 30,000, tó bá di 60,000 àwọn ológun á béèrè bóyá kí wọ́n wá kọ́ bárékè, Llama Dome ní 90,000, àwọn arco, ìyẹn ilé ràbàtà tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ní 120,000. Yàtọ̀ sí arco, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Ìwọ ṣáà wá 3,000 èèyàn tó kù.

Níbo lo ti máa rí wọn? Kó o tó lọ ra ilẹ̀ tuntun, jọ̀ọ́, dá géèmù yẹn dúró ná, sún mọ́ àdúgbò kan tó o kọ́kọ́ kọ́, kó o wo àárín ẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé wàá rí pulọ́ọ̀tì tó ṣófo níbẹ̀, tó ní àwọ̀ ewé tó o fi kun ún fún ilé gbígbé lára, tí ilé kankan ò hù sí. Ìdí ni pé àwọn ará ìlú inú géèmù yìí ò lè rìn ju pulọ́ọ̀tì mẹ́ta lọ kí wọ́n tó dé títì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fa títì yí 10 sí 10 ká, ó máa ń dùn ún wò, àmọ́ ka pulọ́ọ̀tì mẹ́ta láti ọ̀tún, mẹ́ta láti òsì, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀, ó ku 4 sí 4 láàárín tí ẹsẹ̀ wọn ò ní dé láé, pulọ́ọ̀tì 16 lo ti sọ nù yẹn o, nínú àdúgbò kan ṣoṣo! Tó o bá wá ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá ńkọ́? Èmi 6 sí 6 ni mo máa ń lò, gbogbo pulọ́ọ̀tì ló máa rí títì. Èyí tó o ti kọ́ tẹ́lẹ̀, má wó gbogbo ẹ̀, kàn la títì kan gba àárín kọjá, wàá pàdánù ilé díẹ̀, àmọ́ èyí tó máa hù á jù ú lọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, omi. Di Shift mú kó o tẹ ilé kan, wíńdò kékeré kan á ṣí, á sọ fún ẹ bóyá iná dé ibẹ̀, bóyá omi dé ibẹ̀. Iná rọrùn láti mọ̀ torí àmì mànàmáná á máa ṣẹ́jú lórí pulọ́ọ̀tì tí ò bá ní in, omi ni ò ní pariwo. Àdúgbò tí ò lómi á ṣì hu ilé, o ò ní fura, àmọ́ kò ní ga, kò ní kún. Lọ wo abẹ́ ilẹ̀, fa páìpù dé ibẹ̀, fi pọ́ńpù kún un, etí odò ló ti máa ń fa omi jù. Ibi tó o bá sì ń kùn tuntun, dense, ìyẹn irú tó ń gba ilé ńlá, ni kó o kùn, 10 ni pulọ́ọ̀tì kan dípò 5, owó wà lọ́wọ́ ẹ. Light, ìyẹn olówó 5, ò lè hù ju ilé kékeré oní pulọ́ọ̀tì kan lọ.

Tó o bá ṣe ìyẹn tán tí ò tíì tó, wo RCI, àmì tó ń fi hàn bí ìlú ṣe ń fẹ́ ilé gbígbé (R), ọjà (C) àti fákítírì (I) tó. Tí R bá ti wálẹ̀, má kun ilé gbígbé mọ́, iṣẹ́ ni wọn ò rí. Dín owó orí kù láti 7% sí 5% tàbí 6%, so títì mọ́ ìlú tó múlé tì ẹ́, ìyẹn máa ń ran ọjà àti fákítírì lọ́wọ́ gan-an, kó o kọ́ èbúté àti ẹ́apọ́ọ̀tù. 80,000 yẹn, ibí ló yẹ kó lọ.

Ère máa jáde, ìyẹn ò jẹ́ kí n ronú. Ohun tó ń jẹ́ kí n ronú ni ọdún 2000. Tó bá jẹ́ 1950 lo bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ iná àkọ́kọ́ tó o kọ́, tí kì í bá ṣe èyí tó ń fi omi tàbí afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, máa pé 50 ọdún nígbà yẹn, tó bá sì pé 50 ọdún, ó máa bú gbàmù ni, àfi tó o bá ti pa disaster, ìyẹn àjálù inú géèmù, tí owó sì wà lápò, géèmù á bá ẹ tún un kọ́ fúnra ẹ̀. Mo ti rí ọmọ kan tó ń sáré lórí Cheetah, ìyẹn ìwọ̀n tó ń mú kí ọdún inú géèmù yára kọjá, ó kù díẹ̀ kó wọ 90,000, iná lọ lójijì, àwọn èèyàn ń kó jáde, ọmọ yẹn sunkún. Torí náà tó bá ti di bí 1997, kọ́ òmíràn sílẹ̀.

Bárékè, wàá rí i tó o bá dé 60,000. Save kó o tó dáhùn, torí àwọn ló máa yan ibi tí wọ́n fẹ́, kì í ṣe ìwọ.

Ní ti arco, 120,000 èèyàn nìkan ò tó, ọdún náà gbọ́dọ̀ pé. Plymouth á jáde ní 2000, 100,000 ni owó ẹ̀, 55,000 èèyàn ló ń gbà lórí 4 sí 4 pulọ́ọ̀tì péré. Ìyẹn ni pé ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹ̀ ju ìlọ́po méjì gbogbo ìlú tó o ní báyìí. Forest á tẹ̀ lé e ní 2050, Darco ní 2100, Launch ní 2150. Fi ààyè 4 sí 4 bíi mélòó kan sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí iná àti omi ti dé ibẹ̀, torí tó o bá fi ilé kún gbogbo ilẹ̀ tán, wíwó lo máa wó kó o tó rí ibi gbé e sí.