Ẹ má pa gbogbo póòsì tẹ́ ẹ séèfù yẹn rẹ́ o

Ẹ ṣé o àǹtí mi, ìbéèrè yín dáa gan-an. Ẹ ní ẹ ti séèfù stáìlì aṣọ àti fídíò oúnjẹ jọ sórí Instagram débi pé tẹ́ ẹ bá nílò ọ̀kan ẹ kì í rí i mọ́. Ẹ kọ́kọ́ pín wọn sí collection, ìyẹn bíi fódà tẹ́ ẹ máa fún lórúkọ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ séèfù nǹkan ẹ tẹ àmì séèfù yẹn mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó máa bi yín níbi tẹ́ ẹ fẹ́ fi í sí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń fún collection lórúkọ, ẹ má kàn kọ "aṣọ" lásán, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, bíi "áńkárá Iléyá".

Èyí tó ká mi lára jù ni pé tẹ́ni tó ni póòsì bá yọ ọ́ kúrò, tiyín náà ti lọ nìyẹn. Torí náà fídíò ẹ̀fọ́ rírò tẹ́ ẹ fẹ́ràn yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: iye tàtàṣé, ìgbà tí wọ́n da irú sí i, bóyá wọ́n bọ ẹ̀fọ́ yẹn kí wọ́n tó fún omi ẹ̀ dà nù. Ti stáìlì ní tiẹ̀, ẹ ya screenshot ẹ̀, kí ọrùn àti apá hàn dáadáa, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí télọ̀ yín lórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó lọ ra aṣọ rárá, kó lè sọ iye yáàdì tó máa gbà. Tó bá di ìparí oṣù ẹ ṣí àwọn collection yín wò, èyí tí ò bá wù yín mọ́, ẹ yọ ọ́.