Àǹtí tó béèrè nípa bàbá wọn tó ṣe sójà: ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà wọn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa tó wà lẹ́yìn odi, pàápàá Àǹtí tó kọ̀wé láti Manchester. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. Ẹ ní Bàbá yín tó ja ogun abẹ́lé ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún, wọ́n wà nílé n'Íbàdàn, ẹ ò fẹ́ kí pẹ́ńṣọ̀n wọn dúró, ẹ sì fẹ́ yẹ́ wọn sí ní January 15 tó ń bọ̀, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun. Ẹ tún ní àbúrò bàbá àgbà yín lọ ja ogun Hítílà ní Bóma (Burma, tó ń jẹ́ Myanmar báyìí) kò sì padà wálé mọ́, ẹ ò mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa wá orúkọ ẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín obìnrin náà ní òun fẹ́ wọṣẹ́ sójà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin nìyẹn, ẹ jẹ́ ká mú un díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ bárékè lèmi náà, fèrè ló ń jí wa láàárọ̀, bàbá mi lo ọdún tó pọ̀ nínú khaki kí wọ́n tó rítáyà, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí tí wọ́n ti lọ. Nǹkan tí mo máa sọ síbí, mo ti fẹsẹ̀ ara mi rìn ín láti Kánádà, mo sì mọ ibi tó ti dùn mí.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wá nọ́ńbà wọn. Nọ́ńbà sójà. Orúkọ lè yí padà, ọjọ́ orí lè yí padà, nítorí púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa ló bu ọdún kún ọdún wọn kí wọ́n lè gbà wọ́n síṣẹ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn ni gbogbo fáìlì wọn so mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ khaki. Inú ìwé díṣáàjì ló wà, ìwé kékeré tí wọ́n fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé. Fún ọ̀pọ̀ àwọn tó wọlé nígbà ogun abẹ́lé, ọdún tí wọ́n gbà wọ́n ló máa ń ṣáájú, lẹ́yìn náà NA, bíi 67NA, kí nọ́ńbà fúnra ẹ̀ tó tẹ̀lé e. Tẹ́ ẹ bá rí NA nìkan tí kò sí ọdún níwájú ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ayé Bóma, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa ní Royal West African Frontier Force. Kí ẹnìkan nílé ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé náà, èyí tó ṣófo pàápàá, kó fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì ó kéré tán. Ẹ má gbé e sórí Facebook o, ẹ má sì kọ ọ́ síbí, àwọn onígbàjú-ẹ̀ ń wá irú ẹ̀.

Ti bàbá mi, inú àpótí páànù ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé e, wọ́n tún fi aṣọ wé láílọ́ọ̀nù náà. Ìwé yẹn ti di àwọ̀ ẹ̀pà, ibi tí wọ́n ti ká a ti já, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo ní kí wọ́n ka nọ́ńbà wọn fún mi kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀, wọn ò wo ìwé náà rárá. Wọ́n nà ró lórí àga, wọ́n kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń jẹ́ orúkọ ara ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn ti wọ inú ara wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sórí pẹ́ńṣọ̀n. Military Pensions Board ní Àbújá ló ń bójú tó ti sójà. Ẹ má lọ máa pààrà PTAD, ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn, ó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lórí rú. Láti 2011 ni wọ́n ti yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò tí òṣìṣẹ́ ti ń dá owó sí àkáǹtì fúnra ẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ lọ wá owó Bàbá sọ́dọ̀ PFA, àwọn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀, kò mọ ohun tó ń sọ. Lóòrèkóòrè ni Board máa ń ṣe ayẹ̀wò káàkiri láti mọ ẹni tó ṣì wà láyé, tí Bàbá ò bá sì yọjú, owó lè dúró. Kí ẹnìkan nílé, àbúrò yín tàbí ọmọ àbúrò, mọ àwọn àgbà ológun àdúgbò dáadáa, àwọn tí gbogbo èèyàn ṣì ń pè ní Lìjọ́ọ̀nù, nítorí àwọn ló máa ń tètè gbọ́ ìgbà àti ibi tí ayẹ̀wò ti máa wáyé. Tí ẹsẹ̀ ò bá gbé Bàbá mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti mọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kì í ṣe lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹnikẹ́ni tó bá pè lórí fóònù pé kẹ́ ẹ san owó kí orúkọ Bàbá má bàa jábọ́, olè ni, ẹ pa fóònù.

Ibi tó ti dùn mí rèé. Orúkọ tí akọ̀wé kan kọ sínú ìwé bàbá mi lọ́jọ́ kìn-ín-ní, lẹ́tà kan ṣoṣo ló fi yàtọ̀ sí ti NIN àti ti báǹkì. Lẹ́tà kan o! Nígbà tí wọ́n lọ tán, lẹ́tà yẹn ni ọ́fíìsì kan fi dá màmá mi padà, lọ-bọ̀ lọ-bọ̀, títí ẹsẹ̀ wọn fi wú. Torí náà, nísinsìnyí tí Bàbá yín ṣì wà láyé tí wọ́n lè fẹnu ara wọn sọ ọ́, ẹ kó ìwé díṣáàjì, NIN, BVN àti ìwé báǹkì jọ sórí tábìlì kan, kẹ́ ẹ fi wọ́n wé ara wọn lẹ́tà sí lẹ́tà. Tó bá yàtọ̀, kí Bàbá fúnra wọn lọ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù. Ẹ tún wo ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi next of kin. Ọ̀pọ̀ bàbá ló kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ àpọ́n, ẹ̀gbọ́n ọ̀hún ti kú, orúkọ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yí i padà.

Tó bá sì wá di ọjọ́ tí a ò fẹ́ gbọ́, ẹ tètè sọ fún Board. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú mọ̀lẹ́bí sọ pé ká ṣì máa gba owó náà lọ ná, ẹ̀wọ̀n ń bẹ nínú ẹ̀, ó sì máa ba orúkọ tí Bàbá fi ẹ̀jẹ̀ ra jẹ́. Ẹ máa nílò ìwé ẹ̀rí ikú láti National Population Commission àti lẹ́tà administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, láti kóòtù, èyí tó máa ń pẹ́. Ohun tẹ́ ẹ bá máa fọwọ́ sí láti ibẹ̀, ẹ ṣe power of attorney, ìwé tó fún ẹlòmíràn láṣẹ láti ṣojú yín, fún ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán nílé, kí notary buwọ́ lù ú, kí High Commission wa ní London sì lu òǹtẹ̀ sí i.

January 15 ńkọ́? Ọjọ́ yẹn lọ́dún 1970 ni àwọn Biafra wá túúbá níwájú Gowon ní Dódàn Bárékè l'Ékòó, ogun sì parí. Kó tó dìgbà náà, November 11 la máa ń ṣe ìrántí, bíi ti àwọn òyìnbó. Ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gómìnà máa ń fi òdòdó lélẹ̀, wọ́n máa ń yìnbọn, wọ́n máa ń fọn fèrè Last Post, wọ́n á wá tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Ṣáájú ẹ̀, wọ́n á ti ṣe Jímọ́ọ̀ àkànṣe àti ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn Lìjọ́ọ̀nù ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n bá yín wá àga fún Bàbá, ẹ má dúró di January. Ẹ ra ẹ́ḿbílẹ́ẹ̀mù, báàjì ìrántí náà, fún gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ, kí wọ́n fi sáyà. Ẹ fọ béréètì Bàbá, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ to mẹ́dà wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe èèyàn jọ sílé lẹ́yìn náà, ẹ pè wọ́n, ṣùgbọ́n èmi ò ní fi ìlù ṣíṣẹ́gun ṣe é. Ọmọ ìyá ló bá ọmọ ìyá jà nínú ogun yẹn, ó sì ṣeé ṣe kí bàbá Íbò kan tí tiẹ̀ ò padà bọ̀ máa gbé láàdúgbò yín. Bàbá mi kì í mutí lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n á kàn jókòó síwájú ilé títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ti àbúrò bàbá àgbà yín tó lọ Bóma, inú mi dùn pé ẹ béèrè, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ló ti gbàgbé tiwọn. Commonwealth War Graves Commission, àwọn tó ń tọ́jú sàréè àwọn sójà, ní ìwé orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó kú nìkan ló wà níbẹ̀ o, láàárín September 1939 sí December 1947 fún ogun Hítílà, ẹni tó bá padà wálé ò sí níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tẹ orúkọ ìdílé yín tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ má sọ̀rètí nù. Àwọn akọ̀wé òyìnbó ìgbà yẹn, orúkọ kan ni wọ́n máa ń gbà lẹ́nu sójà, wọ́n á wá fi orúkọ ìlú ẹ̀ ṣe orúkọ kejì. Ẹni tó ń jẹ́ Lawani ọmọ Ìbàdàn lè wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Lawani Ibadan. Torí náà ẹ tẹ orúkọ ìlú, ẹ tẹ orúkọ abúlé, ẹ yí sípẹ́lì ẹ̀ bó ṣe lè yí, kẹ́ ẹ wá fi Nigeria Regiment, orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà nígbà náà, dín in kù. Àwọn tí wọn ò rí sàréè wọn, orúkọ wọn wà lára òpó Rangoon Memorial nínú ibojì Taukkyan lẹ́yìn ìlú Yangon, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 orúkọ. Tẹ́ ẹ bá rí tiwọn, ẹ tẹ ojú ewé náà jáde, ẹ fi sínú férémù, ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀ Bàbá kí January tó dé.

Ǹjẹ́ ẹ tiẹ̀ mọ̀ pé Letmauk, tí wọ́n fi sọ bárékè tó wà ní Mọ́kọ́lá, ibì kan tí àwọn bàbá wa ti jà ní Bóma ni? Arakan ti Àpápá náà, Bóma ló ti wá, Dódàn ti Ìkòyí náà bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ là ń pe orúkọ wọ̀nyẹn nínú dáńfó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ sọ fún un pé fọ́ọ̀mù ríkúrúùtì ọmọ ogun orí ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, lórí pọ́tà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó má sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà ní ààlà, ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì máa ń ga díẹ̀ ju ti àwọn tí kò níṣẹ́ ọwọ́ lọ, kó wò ó lórí pọ́tà náà. Tó bá jẹ́ ọ́físà ló fẹ́ ṣe, NDA, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ́físà ológun, ní Kàdúná ni, láti 2011 ni wọ́n sì ti ń gba obìnrin síbẹ̀. Kó kọ́kọ́ lọ jókòó ti bàbá àgbà ẹ̀ ná, kó gbọ́ bó ṣe rí lẹ́nu ẹni tó ti dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ Oníkòyí ni yín, kí wọ́n ki í fún un dáadáa, pé Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn. Iṣẹ́ yẹn ti wà nídìí oríkì kí khaki tó dé.

Èyí tó kù, tó sì ń jẹ mí lọ́kàn jù, ni ohùn Bàbá. Ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù. Bàbá mi ò sọ̀rọ̀ ogun fún wa rí. Tá a bá ní "Bàbá, ẹ sọ ìtàn ogun fún wa," wọ́n á ní "kí lẹ fẹ́ fi ṣe," ó parí. Ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà ló ṣí wọn lẹ́nu. Ó bi wọ́n lórí fídíò pé "Grandpa, irú bàtà wo lẹ wọ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bàtà náà tóbi ju ẹsẹ̀ àwọn lọ, àwọn fi ewé dí iwájú ẹ̀. Ó tún bi wọ́n pé ta ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín? Wọ́n dárúkọ ẹnìkan tí a ò gbọ́ rí nínú ilé wa, wọ́n pe nọ́ńbà ẹni náà tẹ̀lé e, wọ́n wá dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló lọ. Nẹ́tíwọ̀kì ò lọ. Lẹ́yìn ìgbà yẹn wọ́n sọ̀rọ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, èyí tí mo rí gbà sílẹ̀ ò ju mọ́kànlá lọ, nítorí fóònù mi kún.

Àǹtí, ẹ pa fídíò àtijọ́ rẹ́ kúrò lórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó pè wọ́n. Ẹ pè wọ́n láàárọ̀ tí ara wọn bá fúyẹ́, kí ọmọ kékeré kan wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bàtà. Ẹ sì bá mi kí wọn, ẹ ní ọmọ sójà kan ní Kánádà dọ̀bálẹ̀ fún wọn.