Ṣé ọkọ̀ Jámánì ni Holden Commodore àbí ti Ọsirélíà?

Jámánì ló ti wá, àmọ́ Ọsirélíà ló tọ́ ọ dàgbà. Oṣù kẹwàá ọdún 1978 ni Holden, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Ọsirélíà, gbé Commodore àkọ́kọ́ jáde láti rọ́pò Kingswood, ọkọ̀ wọn tó tóbi jù ú lọ. Owó epo ti lọ sókè nígbà náà, wọ́n sì fẹ́ ọkọ̀ tó kéré díẹ̀. Bọ́dì Rekord, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Opel ti Jámánì, ni wọ́n mú, wọ́n wá so iwájú Opel Senator mọ́ ọn, torí imú Rekord kúrú jù fún ẹ́ńjìnnì ńlá tí Holden fẹ́ kó sínú rẹ̀.

Ibi tó dùn jù nìyí: nígbà tí wọ́n gbé Rekord lọ dán wò lójú ọ̀nà gbágungbàgun ilẹ̀ Ọsirélíà, bọ́dì rẹ̀ ya nítòsí irin tó pààlà sáàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀. Ni wọ́n bá tún un ṣe kó le dáadáa.

Wọ́n fẹ Commodore sí i lọ́dún 1988, nítorí èjìká àwọn tó jókòó lẹ́yìn ń gbora, Ford Falcon tó ń bá a díje sì fẹ̀ jù ú lọ. Commodore ti ọdún 2006, tí wọ́n ń pè ní VE, ni àkọ́kọ́ tí àwọn ará Ọsirélíà yà látòkèdélẹ̀.

Ní 20 oṣù kẹwàá 2017, ilé iṣẹ́ wọn ní Elizabeth, ní Gúúsù Ọsirélíà, ti ilẹ̀kùn. Opel Insignia láti Jámánì ló wá ń jẹ́ Commodore títí di 2020. Ní tèmi o, orúkọ lásán nìyẹn.