Kí o tó yọ Ìgbẹ́kọ̀yí kúrò nínú orúkọ rẹ

Lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí wá láti Adó-Èkìtì. Mo gé e kúrú díẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 26 ni mí. Ìgbẹ́kọ̀yí ni orúkọ tó ṣáájú nínú gbogbo ìwé mi. Láti pámárì ni wọ́n ti ń dímú bí mo bá ń kọjá. Ní yunifásítì, lẹ́kíṣọ́rà kan pè é nínú kíláàsì, ó dánu dúró, ó ní ta ló sọ ọmọ báyìí, ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín. Ìgbéyàwó mi ku oṣù méjì. Lọ́jọ́ tí a lọ tẹ káàdì ní Òkèṣà, ọmọ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ àfẹ́sọ́nà mi tán, ó dé orí tèmi, ó gbójú sókè, ó ní, 'Àǹtí, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni kí n kọ ọ́?' Àfẹ́sọ́nà mi rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo fẹ́ yí i sí Ìfẹ́olúwa kí a tó tẹ káàdì, mi ò sì fẹ́ kí bàbá mi gbọ́, torí lọ́jọ́ tí mo fẹnu bà á, ṣe ni wọ́n dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Màmá mi ò sọ nǹkan kan. Ohun tí mo mọ̀ ò ju pé ọmọ mẹ́ta ló kú kí wọ́n tó bí mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mà."

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀rín yẹn kúrò nílẹ̀. Bi àfẹ́sọ́nà rẹ léèrè lálẹ́ òní bóyá ó mọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, sọ ọ́ fún un. Bó bá gbọ́ ọ tán tó ṣì ń rẹ́rìn-ín, kọ lẹ́tà míì sí mi, ìdáhùn ìyẹn á yàtọ̀ sí èyí.

Àwọn tó sì ń dímú, ṣebí àwọn náà ló ń dá mọ́tò dúró lójú títì láti ra ẹran ìgbẹ́? Mi ò tíì rí ọmọ Èkìtì tó dímú nígbà tí wọ́n gbé iyán àti ẹran ìgbẹ́ ka iwájú rẹ̀. Igbó ni ìgbẹ́ yẹn, igbó náà sì ni tìrẹ. Láyé ọjọ́un, ọmọ tí wọ́n bá gbà pé àbíkú ni, wọn kì í sin ín sílé bí wọ́n ṣe ń sin àgbà. Inú igbó ni wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ lọ. Ìgbẹ́kọ̀yí ni pé igbó kọ èyí, igbó ní òun ò gbà á, ẹ gbé e padà wálé. Ẹni tó bá sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣe yẹ̀yẹ́ ọmọ. Ikú ló ń bá wí.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa. Málọmọ́, ẹ̀bẹ̀ ni. Dúrósinmí, ìwọ ni kí o sin mí, kì í ṣe èmi ni kí n sin ọ́. Akísàtán, àkísà tí à bá fi di òkú rẹ ti tán nílé. Tijúikú, kí ojú ikú tì ọ́. Kòsọ́kọ́, kò sí ọkọ́ tí a máa fi gbẹ́lẹ̀ fún ọ mọ́.

Kòsọ́kọ́ kan wà ní kíláàsì wa nígbà tí mo wà ní pámárì ní Ìkẹ́rẹ́. Ọjọ́ Ẹtì la máa ń roko ọgbà iléèwé, kálukú á gbé ọkọ́ wá láti ilé. Bí tíṣà bá ka rẹ́jísítà dé orí orúkọ rẹ̀, gbogbo wa á jọ dáhùn pé, "Kò sí ọkọ́, sà!" Ọmọ náà á wá gbé ọkọ́ tirẹ̀ sókè kí tíṣà lè rí i, ọkọ́ kékeré kan tí bàbá rẹ̀ gé igi rẹ̀ kúrú fún un. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ ń kọjá lọ sọ́jà, ó gbọ́ ohùn wa. Mo rò pé ó máa wá gégùn-ún fún wa ni. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, ó dúró létí ọgbà, ó ń wo ọmọ rẹ̀ tó na ọkọ́ sókè nínú oòrùn. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń wò.

(Kòsọ́kọ́ mìíràn jọba l'Ékòó, òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lé kúrò lórí oyè ní 1851. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni bi òun léèrè ọkọ́.)

Mi ò sọ pé kò sí orúkọ tó burú o. Ní 2008, adájọ́ kan ní New Zealand gba ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sábẹ́ ààbò kóòtù kí wọ́n lè yí orúkọ rẹ̀ padà, torí pé odidi gbólóhùn lórí ijó hula làwọn òbí rẹ̀ fi sọ ọ́, ojú sì ń ti ọmọ náà débi pé kì í sọ orúkọ ọ̀hún fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nílé níbí náà, a rí àwọn tó ń ṣa orúkọ lórí fóònù tí wọn ò lè kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó bára mu. Àwọn wọ̀nyẹn fi orúkọ ṣeré. Wọn ò fi tìrẹ ṣeré.

Ó ku ohun tí ìtìjú ò jẹ́ kí o rí, òun gan-an ló jẹ́ kí n tètè dá ọ lóhùn. O ní ọmọ mẹ́ta ló kú ṣáájú rẹ. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa wọ́n. Ibà nìkan ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní àbíkú, àìsàn sickle cell ló ń pa wọ́n, èyí táwọn kan ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó gbé àmì àìsàn náà sínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń ṣe é. Bí AS bá fẹ́ AS, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS, ẹni tí àìsàn náà ń ṣe gan-an. Bó bá jẹ́ pé AS ni bàbá àti màmá rẹ, tí ìwọ ò sì jẹ́ SS, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni pé AS ni ìwọ náà. Ara rẹ á le koko, o ò ní mọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó káàdì, kí ìwọ àti àfẹ́sọ́nà rẹ jọ lọ yẹ genotype yín wò, kí ẹ mọ̀ bóyá AS ni yín. Ẹ má gbára lé èsì ibì kan ṣoṣo. Ẹ ṣe é níbi méjì. Ẹ má sì sọ pé ẹ ti ṣe é nígbà tí ẹ wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ohun tí kò sẹ́ni tó kọ sínú fáìlì ọsibítù fún ìyá rẹ, inú orúkọ rẹ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ yíyí orúkọ padà kò gùn. O ti dàgbà, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Wàá búra ní kóòtù, wàá kéde nínú ìwé ìròyìn pé orúkọ báyìí ni mò ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, báyìí ni mo ń jẹ́ nísinsìnyí, gbogbo ìwé àtijọ́ ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wàhálà NIN, BVN àti báńkì. Bí o bá fẹ́ máa jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ, duro kí ẹ ṣègbéyàwó tán, kí o jọ yí méjèèjì papọ̀, kí o má baà tò sí ìlà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà nínú NIN rẹ ni kí o kọ sí ìwé ní rẹ́jísírì lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Káàdì kì í ṣe ìwé kóòtù: kọ Ìfẹ́olúwa sí i bó bá wù ọ́, kò sí ọlọ́pàá tó máa mú ọ. Bó bá jẹ́ tèmi, màá fi Ìfẹ́olúwa ṣíwájú, màá fi Ìgbẹ́kọ̀yí sáàárín, màá sì jẹ́ kó jókòó síbẹ̀. Ìwọ lo ni orúkọ.

Èyí tí mi ò fara mọ́ ni kí o ṣe é lẹ́yìn bàbá rẹ. Wọ́n á kà á lórí káàdì, lójú àwọn ẹbí. Ṣùgbọ́n má tún lọ bá wọn nídìí oúnjẹ. Màmá rẹ ni kí o kọ́kọ́ lọ bá, lọ́jọ́ tí ilé bá dá. Bá wọn ṣa ẹ̀fọ́, tàbí ohunkóhun tí ọwọ́ wọn bá dí lé, kí ojú yín má baà ko ara wọn jù. Má bẹ̀rẹ̀ látorí tìrẹ. Bi wọ́n pé kí lorúkọ àwọn mẹ́ta yẹn.

Sọ fún ọmọ Òkèṣà pé kó ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.